Agolo Mẹ́ta Nínú Pálọ̀

Ọjọ́ tí kòkòrò jáde látinú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa ni ìyàwó mi pàṣẹ pé òun ò fẹ́ rí agolo kankan nínú pálọ̀ mọ́. Mi ò bá a jiyàn. Ẹ̀wà tí a dà sínú ike omi ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, tí a fi sẹ́lótéèpù dì lẹ́nu pinpin, ti di ìyẹ̀fun, kòkòrò dúdú kéékèèké sì ń gun ara wọn lórí nínú rẹ̀ bí èrò Ọjà Ọba nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Ayọ̀, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbé ike náà sétí, ó mì í, ó ní, "Dádì, ó ṣì ń dún o." Lóòótọ́ ló ń dún, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Kò dún ṣàkà-ṣàkà mọ́. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbálẹ̀ níwájú ilé ní ìdájí.

Òkè Àró là ń gbé, níbí ní Àkúrẹ́. Aṣọ ni ìyàwó mi ń tà ní Ọjà Ọba, Sátidé ló sì máa ń tajà jù. Iṣẹ́ ìjọba ni tèmi, ní Alágbàká, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Nítorí náà, tí Sátidé bá ti dé, ọwọ́ mi ni àwọn ọmọ wà: Morẹ́nikẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, àti Ayọ̀ tí mo ti dárúkọ. Ọkùnrin tó bá ti ṣe é rí á mọ ohun tí mò ń wí. Láàárọ̀, gbogbo nǹkan á máa lọ ní ìrọ̀rùn. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, tí iná ti lọ, tí bátìrì fóònù ti kú, tí òjò ò sì jẹ́ kí wọ́n lè jáde, ilé á dà bí ẹni pé wọ́n ti ewúrẹ́ méjì mọ́nú yàrá.

Ní táàmù yẹn, ilé ìwé wọn ti gba owó fèrè lọ́wọ́ wa, fèrè oníke yẹn tó ní ihò méje níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. A sanwó, a ò gbọ́ fèrè. Nígbà tí mo béèrè, tíṣà ní àwọn tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ má baà sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Fèrè tí kò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò lè sọnù láéláé. Inú bí mi, mo gba ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta dùùrù oníná lọ, mo béèrè iye rẹ̀, ọkùnrin náà dá mi lóhùn, mo kí i pé ó kú ọjà, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Inú ilé ìdáná ni mo ti wá rí ohun tí mò ń wá, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Agolo mílíìkì kan wà níbẹ̀, agolo Milo kan tó ti tán, àti agolo ọ̀dà onílítà mẹ́rin tí a ń kó èédú sí. Mo da gbogbo wọn dojú délẹ̀, mo fi orógùn kàn wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀dà ké gbùù. Ti Milo ké kọn. Ti mílíìkì ké tín-ín. Mo tún un lù: gbùù, kọn, tín-ín. Dò, re, mí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́ bí ẹni tó rí owó he.

Kì í ṣe gbogbo agolo ló máa ń gbọ́ràn báyẹn o. Mo ti dán bíi mẹ́jọ wò lẹ́yìn ìgbà náà. Ti sadíìnì kò tilẹ̀ ní ohùn kan tí èèyàn lè pè ní tirẹ̀, ṣe ló kàn ń pariwo. Ohun tí mo rí ni pé èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ló máa ń kùn nísàlẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ kéré a máa ké lókè. Orógùn nìkan ń ta wọ́n létí jù, mo bá gé lára sílípáàsì kan tó ti já, mo fi rọ́bà dì í mọ́ ẹnu igi, ariwo náà sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo tún kọ́ ọgbọ́n kan lọ́nà tí kò dùn: etí agolo mílíìkì tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí là mí ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ dà sórí tábìlì, Ayọ̀ sì bú sẹ́kún bí ẹni pé òun ló gé. Láti ọjọ́ náà, kí agolo tó dé ọwọ́ ọmọ, màá ti fi òòlù tẹ etí rẹ̀ wọnú, màá sì wé téèpù dúdú àwọn oníná mọ́nàmọ́ná yí i ká nígbà méjì.

Mo tò wọ́n síwájú Morẹ́nikẹ́. Ó lù wọ́n wúruwùru bí ọmọdé ṣe máa ń lù. Mo gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó tẹ́tí. Milo, mílíìkì, Milo, mílíìkì. Ó wò mí. Mo tún un lù, mo rọra fi ẹnu gbè é: Mo-rẹ́-ni-kẹ́. Re-mí-re-mí. Ojú ọmọ náà là. Ó ní, "Dádì, ó pè mí." Ó gba igi padà, ó sì fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú pe ara rẹ̀ lórúkọ láìsinmi. Ayọ̀ ní kí n lu tòun. Milo, ọ̀dà. Ó dúró, ó ń retí ìyókù. Nígbà tí kò rí ìyókù, ó fajú ro, ó ní èèyàn ò lè fún ẹ̀gbọ́n òun ní mẹ́rin kó fún òun ní méjì. Mo bá nà án di Ayọ̀délé fún un: Milo, ọ̀dà, mílíìkì, mílíìkì. Ìjà parí.

Ọkùnrin ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Carl Orff, wọ́n bí i ní 1895, ó kú ní 1982. Ọ̀nà tó fi ń kọ́ ọmọdé lórin ti tàn ká ayé. Kì í kọ́kọ́ gbé ìwé orin síwájú ọmọ. Orúkọ ọmọ náà, àtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń fi ṣeré ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan àwọn ìlù onígi kéékèèké tí wọ́n lè yọ irin tàbí pákó tí wọn ò nílò kúrò lórí wọn kí ọmọ má baà ṣì í lù. Mo kà nípa rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín sínú. Èdè Jámánì fún un ní ìdí ẹsẹ̀ orin nìkan, ibi tó ń le àti ibi tó ń rọ̀. Orúkọ ọmọ Yorùbá gbé ohùn tirẹ̀ dání wá sáyé. Tí o bá ti sọ ọmọ lórúkọ, o ti fún un lórin.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ sí àwọn ọmọ wa. A ò jókòó ṣèpàdé lé e lórí. Ilé ìwé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwa náà sì bá a lọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, ohùn wọn á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀dàn. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Oǹdó, Ayọ̀ ń wá ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ káàkiri, ó sì lọ bá ìyá mi, ó kúnlẹ̀ dípò kó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ọkọ mi dà?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ kẹ̀? Ìwọ ọkùnrin bíi ti bàbá rẹ yìí?"

Mo ti máa ń tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ fún un tẹ́lẹ̀: "Sọ ọ́ dáadáa, ọkọ̀, ọkọ̀." Ó á wí tẹ̀lé mi, lọ́la á tún gbàgbé. Lọ́jọ́ yẹn mo gbé agolo jáde. Milo, Milo: ọkọ, ìyẹn èmi, ọkọ mọ́mì rẹ. Milo, ọ̀dà: ọkọ̀, èyí tí ò ń wá. Milo, mílíìkì: ọkọ́, èyí tí Màmá fi ń roko. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ lù wọ́n, ó ronú, ó tún lù wọ́n. Kò tíì ṣe àṣìṣe náà mọ́ láti ìgbà yẹn, ó kéré tán lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mi ò sọ pé agolo ń kọ́ ọmọ lédè. Ohun tí mo rí ni pé etí rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti agolo.

Morẹ́nikẹ́ ló gbé ìṣòro ńlá wá. Ó ní kí n dijú. Ó lu mílíìkì, ọ̀dà. Mí-dò. Ó ní, "Ta ni mo pè?" Mo ní èmi ni, Dádì. Ó ní rárá, Mọ́mì lòun pè. Mo lù ú fúnra mi: Dá-dì, Mọ́-mì. Ọ̀kan náà ni! Mo ní kó jẹ́ ká pe ara wa bí àwọn bàbá wa ṣe ń pe òbí wọn, kó lu Bàbá. Ọ̀dà, mílíìkì. Ó lu Màmá. Ọ̀dà, mílíìkì. Ó lu Ìyá. Ọ̀dà, mílíìkì. Agolo lè sọ bóyá Gẹ̀ẹ́sì lọmọ ń sọ tàbí Yorùbá, àmọ́ kò lè sọ èwo nínú òbí rẹ̀ ló ń pè. Ọ̀rọ̀ náà dá èmi àti ọmọ ọdún méje dúró gẹdẹgbẹ ní ọ̀sán Sátidé.

Onílù kan ló tú kókó náà. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní àdúgbò wa, ó sì gbé gángan rẹ̀ wá. Nígbà tó di pé ó ń jẹun lábẹ́ ìbòòrùn, tí ìlù sì wà lórí itan rẹ̀, àwọn ọmọ mi dúró tì í títí ó fi ní kí wọ́n súnmọ́ òun. Ó gbé gángan sí abẹ́ abíyá Ayọ̀, ó ní kó fún osán náà mọ́ra. Ó fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ. Ohùn náà gòkè. Ó ní kó tú u sílẹ̀. Ohùn náà sọ̀ kalẹ̀. Ayọ̀ ń fún un, ó ń tú u, ojú rẹ̀ ń ràn bí iná. Osán wọ̀nyẹn ló so awọ òkè mọ́ awọ ìsàlẹ̀. Tí o bá fún wọn, awọ méjèèjì á le, ohùn á sì gòkè. Ó ní igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n wo ẹgbẹ́ ìlù tó fún ní ìbàdí, ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ ráyè ṣiṣẹ́.

Mo ròyìn agolo wa fún un pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní gúdúgúdú mẹ́ta ni a ní nílé, nítorí pé ìdúró kan ni ti gúdúgúdú, kì í yọ́ láti òkè sísàlẹ̀. Ó wá lu "Dádì" fún wa lórí gángan: igi kan ṣoṣo, ó sì tú osán sílẹ̀ lójijì, ohùn náà yọ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo. Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹnu wa ń ṣe é, tí a kì í fiyè sí i: tí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ti òkè, kì í fò bọ́ sílẹ̀, ṣe ló ń yọ́ lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yìn náà ni mo bi í nípa Bàbá àti Màmá. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ìdí tí a fi ń kì èèyàn nìyẹn. Tí mo bá lu 'bàbá' lásán, bàbá ta ni? Màá fi nǹkan tì í lẹ́yìn. Bí mo bá ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dá yín lójú tó." Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo ti ń gbọ́ oríkì lóde ìnáwó, tí mò ń rò pé ìpọ́nni lásán ni, kí owó lè jáde lápò. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn lẹ́tà ń ṣe nínú ìwé ló ń ṣe fún ìlù.

A délé, Morẹ́nikẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ní èyí: mílíìkì, ọ̀dà, mílíìkì, ọ̀dà. "Dádì ń sùn." Àti èyí: mílíìkì, ọ̀dà, Milo, mílíìkì. "Mọ́mì ti dé." Oríkì wa nìyẹn nínú ilé yìí. Ìyá wọn ń dé láti ọjà, bàbá wọn ń sùn. Mo gbìyànjú láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi oríkì mìíràn rọ́pò tèmi, wọ́n kọ̀.

Ìgbà tí etí èmi náà ṣí tán ni mo wá ń gbọ́ ohun tí ń ṣe orin tí àwọn ọmọ ń kọ́ wá sílé. Ohùn orin òyìnbó ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há nínú ẹ̀, tí orin á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀, ìyá mi á sì máa béèrè pé, "Kí lọmọ yìí ń sọ?" Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Orin ìsìn tí wọ́n kọ́kọ́ tú láti Gẹ̀ẹ́sì ní irú àrùn kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, fi ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Nínú ilé tiwa, a kàn sọ ọ́ di eré ni. Tí wọ́n bá kọ orin kan tó rú mi lójú, màá ní kí wọ́n lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí agolo, kí a wò ó bóyá agolo àti orin gbà fún ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gbà.

Ìyá mi, tó ti rẹ́rìn-ín ọkọ yẹn, ni ó tún ba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa jẹ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ nǹkan nínú ìwé àti ẹni tó dàgbà sínú rẹ̀. Ìyá mi dàgbà sínú orin Obitun ní Oǹdó, orin àti ijó tí wọ́n fi ń sin ọmọge wọ ipò obìnrin. Tí rédíò bá sì fi Sunny Adé sí i, kò ní í jẹ́ ká gbàgbé pé ọmọ ọba Oǹdó ni, bí ẹni pé òun ló ràn án lọ sókè òkun ní 1982 tí ilé iṣẹ́ Island gbé orin jùjú rẹ̀ jáde. Ó wo àwọn ike wa tí a to sórí tábìlì: ìrẹsì nínú ọ̀kan, gàrí nínú ọ̀kan, ẹ̀wà nínú ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ nínú ọ̀kan. A ti ń fi wọ́n ṣeré: ọmọ á dijú, a ó mi ọ̀kan, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gàrí ló ṣòro jù. Òjò winniwinni lórí ewé kókò ni. A sì ti mọ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ kan tó, nítorí Ayọ̀ kún tirẹ̀ dé ọrùn, kò sì dún rárá.

Ìyá mi ní, "Kí lẹ pe èyí?"

Mo ní, "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, Mọ́mì."

Ó ní, "Irọ́ ni. Ṣẹ́rẹ́ nìyí. Ṣẹ́rẹ́ Ṣàngó ni nǹkan ń wà nínú rẹ̀. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìta ni ìlẹ̀kẹ̀ ń wà. Ẹ ti sọ àwọn ọmọ onígbàgbọ́ di adóṣù."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ ogójì ọdún ni mí, mo ti jó sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní àìmọye òde, mi ò sì wò ó dáadáa rí. Lọ́jọ́ kejì, ó bá ìyàwó mi lọ sọ́jà, ó ra akèrègbè kékeré kan tó ti gbẹ, tí wọ́n ti kó inú rẹ̀ jáde. A gé nẹ́ẹ̀tì pupa àpò àlùbọ́sà, a wọ̀ ọ́ fún akèrègbè náà bí ẹ̀wù, a dì í mọ́ ọrùn. Morẹ́nikẹ́ kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ irun rẹ̀ tó ti tú jáde, ìyá mi sì ń fi òwú rán wọn mọ́ ojú nẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni. Bí wọ́n ṣe ń rán an, ó ń kọrin sábẹ́ imú, ohùn Oǹdó tó nípọn, tí èmi gan-an kì í gbọ́ tán. Nígbà tó parí, ó di ọrùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá ìdí rẹ̀, ó yí i díẹ̀. Ṣàà! Gbogbo ike tó wà lórí tábìlì di ọmọ ìkókó lójú mi.

Ó tún kìlọ̀ fún wa nípa ohun kan tí mo fẹ́ kí òbí mìíràn gbọ́. Morẹ́nikẹ́ rí èso ojú ológbò, pupa pẹ̀lú dúdú lórí, lára ògiri ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí lẹ́yìn ilé wa, ó sì fẹ́ kó o sínú ike nítorí ẹwà rẹ̀. Ìyá mi gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Májèlé ni èso náà, pàápàá tí ọmọ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu tó sì fọ́. Èyí tí kì í ṣe májèlé pàápàá, mi ò kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ ọmọ ìkókó ará ilé kejì tó ń rákò wá bá wa. Ẹ̀wà kan ṣoṣo tó há lọ́fun tó láti ba ọjọ́ jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan tí a ṣe ló dùn. A fi rọ́bà yí páálí bàtà ká pé gìtá ni, páálí náà sì wó sínú ara rẹ̀ nígbà tí Ayọ̀ ta á tán. A gé igi ewé ìbẹ́pẹ, ihò inú rẹ̀ ni ọmọdé ilẹ̀ wa ti ń fun ní fèrè láti ayébáyé, àmọ́ èmi nìkan ni mo rí i fun, ó sì ń dún bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Oje rẹ̀ tún ta mí lẹ́nu.

Ìgò ni ó ya ọ̀rọ̀ náà padà sí rere. Ìgò mínírà márùn-ún, omi nínú wọn ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Morẹ́nikẹ́ fi ṣíbí kàn wọ́n, ó ní èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ jù ló ń dún nísàlẹ̀ jù. Ayọ̀ ní irọ́ ni, èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ jù ló ń ké lókè jù. Ẹ̀gbọ́n ní òpùrọ́ ni, àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì wọlé láti ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé Ayọ̀ ló ṣì í. Àfi ìgbà tí mo rí i pé kì í kan ìgò tirẹ̀. Ẹnu ló ń fẹ́ sí i. Tí o bá kan ìgò, dígí àti omi ló ń gbọ̀n, bí omi bá sì ṣe pọ̀ tó ni gbígbọ̀n náà ṣe máa wúwo tó, ohùn á relẹ̀. Tí o bá fẹ́ ẹnu sí i, atẹ́gùn tó wà lókè omi ló ń gbọ̀n. Omi púpọ̀, atẹ́gùn kékeré, ohùn á ròkè. Àwọn méjèèjì ló jàre. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó jàre lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀, títí di òní, tí wọ́n bá ti ń jà lórí ohunkóhun, á ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ ìgò?"

Bàbá onílé wa, tó ń gbé òkè, pè mí lọ́jọ́ kan. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n tó bá di aago méjì ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí àgbà sùn." Ó wá ń lọ, ó yíjú padà. "Èwo nínú wọn ló ń lu 'Dádì ń sùn' yẹn?" Mo ní Morẹ́nikẹ́ ni. Ó ní, "Mo rò pé èmi ló ń bá wí."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kòkòrò wá ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ ìyàwó mi dá a pé ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn yóò máa gbé, àfi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ìyá mi, tó so mọ́gi lára ògiri pálọ̀ bí àwòrán. Ike ẹ̀wà náà ni èmi fúnra mi lọ dà nù lójú òjò. Òkúta wẹ́wẹ́ la dà sínú òmíràn. Kòkòrò kì í jẹ òkúta.

Ìyá mi ti padà sí Oǹdó. Ó máa ń pè wá ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ayọ̀ ní kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n ṣí ohùn rẹ̀ síta, kí n má sọ nǹkan kan. Ó sá lọ kó agolo wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì lu u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ọ̀dà, mílíìkì, Milo, mílíìkì. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé "Màmá, ẹ wá" lòun fẹ́ lù.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà lódìkejì. Ìyá mi ní, "Ẹ tún un lù."

Ó tún un lù.

"Mo ti gbọ́ ọ," ìyá mi wí. "'Bàbá ti dé.' Bàbá wo ló dé?"

Ayọ̀ wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ìrẹ̀wẹ̀sì. Mo lù ú lọ́kàn mi: Bà-bá-ti-dé. Mà-má-ẹ-wá. Ìyá mi kò ṣì í. Ọmọ náà mú igi, ó tún un lù, ó túbọ̀ lù ú kíkankíkan, bí ẹni pé etí Màmá ló di.

"Bàbá wo ló dé sílé yín o?" ni ìyá mi ń tẹnu mọ́. "Ẹ sọ fún un kó fẹnu sọ ọ́, káàdì mi ń lọ."